Ìlọ́po Méjì

Mo ka owó náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fi ránṣẹ́.
Ọgọ́rin dọ́là ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé,
àlòkù tó mọ́ bí àwo tuntun.
Mo ṣẹ́ ẹ sí náírà, ọkàn mi balẹ̀.
Èmi Odùwọlé, mo ní ṣọ́ọ̀bù níwájú géètì yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè,
níbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré wá nígbà tó bá ku ọ̀la,
pé kí n bá àwọn tẹ iṣẹ́ àṣekágbá,
kí n dì í, kí n fi àwọ̀ góòlù kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọgọ́rin dọ́là. Ta ni kò ní rà á?
Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.
Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Tánímọ́wò, ọmọ àbúrò ìyá mi, ní Húsítọ̀n.
Ìyàwó rẹ̀ fi páálí náà ṣe àpótí ìjókòó fún oṣù méjì
kí ẹrù àwọn ẹlòmíì tó kún kọntéénà.
Àwọn tó ń kẹ́rù gbókun gbé e wọ̀n:
kì í ṣe bó ṣe wúwo, bó ṣe fẹ̀ ni wọ́n wọ̀n,
wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú páálí ń gba àyè nínú ọkọ̀.
Mo sanwó afẹ́fẹ́.
Afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà, mo ra kílò mọ́kànlá.

Oṣù Ẹ̀bìbì, ó wà lórí omi.
Oṣù Òkúdu, ó wà lórí omi.
Oṣù Agẹmọ, àwọn Agẹmọ ti jó ní Ìmọ̀sàn, wọ́n ti padà sílé,
ẹ̀rọ mi ṣì wà ní Àpápá, kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò ó lójú.
Àwọn ọmọ tó fẹ́ tẹ̀wé ti tẹ̀wé lọ́dọ̀ Ṣóbọ̀wálé ní òdìkejì títì,
wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti di agùnbánirọ̀.
Ìyá mi bi mí lórí fóònù: "Ẹ̀rọ ọ̀hún ńkọ́?"
Mo ní ó ń bọ̀.
Ó ní, "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, àwọ̀n là á dẹ sílẹ̀ dè é."

Ọjọ́ tó dé, iná kò sí.
Ọjọ́ kejì, iná kò sí.
Ọjọ́ kẹrin, aago mẹ́ta òru, àdúgbò hó yèè!
Mo fi ṣòkòtò àwọ̀sùn sáré dé ṣọ́ọ̀bù,
mo ki ẹnu wáyà bọ ihò.

Ó dún pọ́ọ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Òórùn rẹ̀ dà bí ìyẹ́ adìẹ tó kan iná.

Ọ̀gá Ọ̀nàfúwà, atúnṣe ní Orù, fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ìdí rẹ̀ wò.
"Àádọ́fà ni iná tiwọn," ó ní. "Tiwa jẹ́ igba ó lé ogún."
Mo ní, "Tiwa kẹ̀?"
Ó ní, "Ìlọ́po méjì ni tiwa."

Mo jókòó sórí páálí.
Àwa tí iná wa kì í wá,
àwa tí à ń fi àbẹ́là ṣírò èrè,
ìlọ́po méjì ni tiwa!
Àlejò tó jẹ́ ká retí títí ká sùn lọ,
tó wá dé lóru, tó fi èjìká já ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá tú tẹlifíṣọ̀n kan tó ti kú,
ó yọ ọkàn rẹ̀, ó fi sínú ẹ̀rọ mi.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá. Mo ka ìyẹn náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Àròpọ̀ rẹ̀? Ẹ má bi mí.
Irú rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tuntun nínú ọ̀rá,
iye tí wọ́n ń tà á kò tó owó afẹ́fẹ́.

Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí, mi ò purọ́.
Ó yá, kò pariwo,
àfi pé bébà ìlú wọn kúrú sí tiwa,
ó sì rò pé òun ṣì wà lọ́hùn-ún.
Bó bá dé ìsàlẹ̀ ojú ewé,
níbi tí ọmọ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti òbí,
á dúró, á tu bébà jáde,
ìlà tó gbẹ̀yìn kì í